Owó Káàdì, Owó Tíránsífà: Èwo Ni Kí Á Fi Ra Ọjà Tí Ojú Wa Kò Tó?

Ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ọ̀ràn kan tó kan gbogbo wa, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ló kù nínú wa tí kò tíì fi fóònù ra nǹkan rí. Ìwé ilé-ẹ̀kọ́, bàtà, híjáábù, títí kan fóònù fúnra rẹ̀: a ó rí àwòrán rẹ̀, a ó bèèrè iye rẹ̀, a ó sì sanwó kí ọjà tó kúrò ní ìlú tó wà. Ibi ìsanwó yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wa dúró lé. Àwọn kan nínú yín ti bi wá pé ṣé owó tí wọ́n ń yọ lórí káàdì kì í ṣe èlé. Àwọn mìíràn ní ṣé kò sàn kí á kúkú máa ṣe tíránsífà nígbà tí owó tirẹ̀ kéré. Ìbéèrè méjì ni, ṣùgbọ́n ìdáhùn wọn so mọ́ra.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí owó náà ń gbà. Nígbà tí o bá tẹ nọ́ńbà káàdì rẹ sí ìsọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì, owó kò fò láti báńkì rẹ bọ́ sí ọwọ́ òǹtajà. Ilé-iṣẹ́ kan wà láàárín, irú bíi Interswitch tó ti wà láti 2002, tàbí Paystack tí àwọn ọ̀dọ́ méjì dá sílẹ̀ ní 2015. Àwọn ni wọ́n ń bi báńkì rẹ léèrè bóyá owó wà, tí báńkì fi ń fi nọ́ńbà OTP ránṣẹ́ sí ọ, àwọn náà ni wọ́n sì ń kó owó lé òǹtajà lọ́wọ́. Iṣẹ́ ni, wọn kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí káàdì ilẹ̀ wa, Paystack ń gba 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ó tún ń fi ₦100 lé e bí ọjà bá ti tó ₦2,500. Bó ti wù kí ọjà wọ́n tó, owó náà kì í kọjá ₦2,000. Nítorí náà, lórí ọjà ₦18,000 yóò jẹ́ ₦370. Ọwọ́ òǹtajà ni wọ́n ti ń yọ ọ́, àfi bí òǹtajà bá tì í sọ́rùn ẹni tó ń rà.

Ti tíránsífà yàtọ̀. Nínú ìlànà owó báńkì tí CBN mú bẹ̀rẹ̀ ní January 2020, owó tí kò bá ju ₦5,000 lọ, ₦10 ni wọn ń gbà. Láti ibẹ̀ dé ₦50,000, ó di ₦25. Èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ₦50. Owó orí VAT ni wọ́n ń fi kún un tí ẹ fi ń rí ₦10.75 tàbí ₦53.75 nínú alẹ́ẹ̀tì yín. Ìjọba náà ń gba ₦50 tirẹ̀ bí owó bá ti tó ₦10,000. Ẹ wá rí ìdí tí àwọn òǹtajà fi ń bẹ̀ wá pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe tíránsífà.” Èyí kò sọ wọ́n di ọ̀dàlẹ̀. Ẹni tó ta ọjà ₦18,000 tí èrè rẹ̀ kò ju ₦1,500 lọ, ₦370 máa dùn ún.

Ṣé èlé ni owó káàdì yìí? Rárá. Èlé ni àlékún tí a ń gbà lórí gbèsè nítorí ọjọ́ tó gùn. Ẹni tó fi káàdì tó so mọ́ owó ara rẹ̀ ní báńkì ra ọjà kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Owó iṣẹ́ ló san, bí a ti ń san owó fún alábàárù tó bá wa ru ẹrù lọ́jà. Káàdì àwìn, èyí tí báńkì fi ń yá ni lówó rajà, ni ọ̀rọ̀ ibẹ̀ le. Nígbà tí ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ Fiqh ti àjọ OIC pàdé ní ìlú Riyadh ní 2000, wọ́n sọ pé káàdì àwìn tí àdéhùn èlé bá wà nínú ìwé rẹ̀ kò tọ́ fún Mùsùlùmí, kódà bó bá ní i lọ́kàn láti san gbèsè náà kí ọjọ́ èlé tó pé. Wọ́n tún sọ̀rọ̀ mìíràn tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ rí: báńkì lè gba owó iṣẹ́ lọ́wọ́ òǹtajà, níwọ̀n bí òǹtajà náà bá ti ń ta ọjà fún oníkáàdì ní iye kan náà tó ń tà á fún ẹni tó mú owó wá.

Gbólóhùn ìkẹyìn yìí mú ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń ṣòwò. Ẹ wo àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń fi ₦300 tàbí ₦500 lé owó ọjà “nítorí POS.” Ìlànà CBN lórí POS pàápàá sọ pé òǹtajà kò gbọ́dọ̀ bu owó lé ti ẹni tó fi káàdì sanwó, kò sì gbọ́dọ̀ ta ọjà fún un ní iye tó yàtọ̀. Ohun tí wọ́n ní kí wọ́n máa yọ lọ́wọ́ òǹtajà lórí POS nínú ìlànà 2020 yẹn ni 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tí kò sì gbọdọ̀ ju ₦1,000. Ọjà ₦20,000, ₦100 ni. Ẹni tó wá gba ₦500 lórí rẹ̀, owó iṣẹ́ kọ́ ló ń dá padà, èrè ló ń jẹ lẹ́yìn. (Ẹ má ṣe da èyí pọ̀ mọ́ àwọn ọmọ wa tó jókòó sábẹ́ agboòrùn tí wọ́n ń bá ni gba owó jáde. Iṣẹ́ tiwọn ni wọ́n ń tà, a sì ti mọ iye rẹ̀ kí a tó fún wọn ní káàdì.) Bí ìwọ bá ń tajà, ṣírò owó káàdì mọ́ iye ọjà rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí iye náà jẹ́ ọ̀kan fún gbogbo èèyàn.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó jẹ wá lógún jù. Láti 2011 tí NIBSS ti gbé ìlànà ìfowóránṣẹ́ ojú ẹsẹ̀ kalẹ̀, tíránsífà kì í pẹ́ dé. Bó ti ń tètè dé náà ni kì í fẹ́ padà. Ọwọ́ ara rẹ lo fi fi owó ránṣẹ́, lójú báńkì ìwọ lo pàṣẹ. Báńkì kò lè ṣàdédé wọ àkáǹtì ẹlòmíràn kó mú owó jáde nítorí pé bàtà kò dé. Ti káàdì ní ọ̀nà àtúnyẹ̀wò. Bí ọjà kò bá dé, tàbí tó jẹ́ nǹkan mìíràn ló dé, o lè kọ̀wé sí báńkì rẹ. Báńkì rẹ yóò bi báńkì òǹtajà, òǹtajà yóò sì mú ẹ̀rí wá pé òun ti gbé ọjà fún ọ. Bí kò bá rí ẹ̀rí mú wá, owó lè padà. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kì í sì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń yọrí sí rere, ṣùgbọ́n ọ̀nà wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò rẹ̀. Ká ní arábìnrin wa kan ní Òṣogbo fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ ₦85,000 lọ́wọ́ ẹnì kan ní Èkó tí kò rí rí, Instagram ni wọ́n ti pàdé. Bó bá fi káàdì san án, owó iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ₦1,375. Bó bá ṣe tíránsífà, kò ju bíi ₦104 lọ. Nítorí ₦1,271 tí wọ́n fẹ́ dá sí, ₦85,000 di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè dá padà fún un bí òǹtajà bá pa fóònù. Owó tí ó fi kọ́ṣẹ́, tó fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ló wà níbẹ̀ yẹn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Bí òǹtajà bá ní ìsọ̀ gidi lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n tó ní káàdì kò ṣiṣẹ́ lónìí, tó wá fún ọ ní nọ́ńbà àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ ẹnì kan tí kò bá ti ìsọ̀ náà mu, dúró níbẹ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ àwọn arábìnrin wa tó ń ta aṣọ lórí WhatsApp kò ní ọ̀nà àtifi gba káàdì, olóòótọ́ ni wọ́n. Lọ́wọ́ irú wọn, ìsanwó nígbà tí ọjà bá dé ló dára. Jumia àti Konga, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2012, ni wọ́n fi èyí kọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn ní ilẹ̀ wa nígbà tí ẹ̀rù jìbìtì ń bà wá. Àléébù rẹ̀ ni pé àwọn kan a máa ní kí o sanwó kí o tó tú ẹrù wò. Àwa òǹrajà náà ní àléébù tiwa: ẹni tó ní kí wọ́n gbé ọjà wá, tó wá ní òun kò rà mọ́, ti dá òǹtajà ní gbèsè owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀, ó sì ti yẹ àdéhùn.

Bó bá di dandan kí á sanwó ṣáájú, ẹ rántí ohun tí àwọn aáfà kọ́ wa nípa òwò salam, níbi tí owó ti ń ṣáájú ọjà: irú ọjà, bó ṣe rí, iye rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò dé gbọ́dọ̀ hàn kedere. “Fóònù tó dáa” kò tó. Orúkọ rẹ̀, ọdún rẹ̀, tuntun tàbí àlòkù, ọjọ́ wo? Kí òǹtajà kọ ọ́ sílẹ̀, kí o sì tọ́jú rẹ̀ pẹ̀lú rìsíìtì. Ẹsẹ̀ tó gùn jù nínú Al-Kùránì, ẹsẹ̀ 282 nínú Suratul-Baqarah, lórí kíkọ àdéhùn gbèsè sílẹ̀ àti wíwá ẹlẹ́rìí ló dá lé.

Fún àwọn ará wa ní ìlú Ọba: láti 13 January 2018, òfin ibẹ̀ ti ka a léèwọ̀ fún òǹtajà láti bu owó lé ti ẹni tó fi káàdì ara rẹ̀ sanwó. Òfin 1974 wọn lórí àwìn dáàbò bo ẹni tó fi káàdì àwìn ra ọjà tó ju £100 lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń rọ èèyàn láti gbà á. Ẹni tó ń sá fún èlé kò ṣòfò pátápátá, torí pé ìlànà Visa àti Mastercard fún káàdì owó ara ẹni náà ní ọ̀nà àtúnyẹ̀wò.

Ní ti káàdì fúnra rẹ̀, ẹ ya àkáǹtì kan sọ́tọ̀ fún ọjà rírà, kí ìwọ̀nba owó ọjà nìkan máa wọ ibẹ̀. Kò sí òṣìṣẹ́ báńkì tàbí òǹtajà tó yẹ kó pè ọ́ lórí fóònù kó ní kí o ka PIN, OTP tàbí nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn káàdì fún òun. Bí wọ́n bá yọ owó rẹ tí ìsọ̀ náà sì ní ìsanwó kò wọlé, má tètè san ẹlẹ́ẹ̀kejì. Ní June 2020, CBN pàṣẹ pé kí báńkì dá irú owó bẹ́ẹ̀ ti POS àti ti íntánẹ́ẹ̀tì padà láàárín wákàtí 72. Bó bá sì jẹ́ pé gbájúẹ̀ ló gba tíránsífà rẹ, pe báńkì rẹ ní ìṣẹ́jú tí o fura, má dúró de ọ̀la. Bí owó bá ṣì wà nínú àkáǹtì tí o fi í ránṣẹ́ sí, wọ́n lè dí i mọ́bẹ̀ kí ó tó jáde.