Gbígba Ohùn Gìtá Sílẹ̀ nínú Ilé

Púpọ̀ nínú àwọn gìtá oníná ni kò ní ihò nínú bí gìtá àtijọ́. Pákó dídì ni ara wọn. Ohùn tí àwọn ènìyàn mọ̀ mọ́ wọn, láti inú áńpù ni ó ti ń jáde, èyíinì ni àpótí tí ń sọ ohùn kékeré di ńlá. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ gba ohùn gìtá sílẹ̀, sípíkà inú àpótí náà ni kí ó kọjú máìkì sí. Kọ̀ǹpútà lè tún ohùn tí kò dán mọ́rán ṣe díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí máìkì kò gbọ́ rárá, kò sí ẹ̀rọ tí yóò bá a wá a.

Máìkì tí ó yẹ iṣẹ́ yìí jùlọ ni irú èyí tí wáyà tín-ín-rín wé mọ́ awọ fẹ́lẹ́ inú rẹ̀, tí irin òòfà sì yí i ká. Ara rẹ̀ le, kò sì bẹ̀rù ariwo. Shure SM57, tí ó jáde ní ọdún 1965, ni ó lókìkí jùlọ nínú wọn; àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ nínú iṣẹ́ náà ṣì ń lò ó, síbẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń tọ́jú owó lè rà á. Oní-ríbọ́ọ̀nù a máa rọ ohùn tí ń gún ni létí, ṣùgbọ́n atẹ́gùn líle lè fa ọ̀já irin inú rẹ̀ ya. Ní ti kọ̀ǹdẹ́ńsà, iná fólítì 48 ni ó sábà ń fẹ́, ó sì ń gbọ́ ohun gbogbo, títí kan àkùkọ aládùúgbò.

Ẹni tí ó ra máìkì rere tí kò mọ ibi tí yóò gbé e sí, owó rẹ̀ ṣòfò. Kí ó kọ́kọ́ tan tọ́ọ̀ṣì sí aṣọ iwájú áńpù, kí ó lè rí ibi tí sípíkà wà gan-an. Bébà sípíkà kòtò bí abọ́. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀ ohùn mú bí abẹ. Bí máìkì bá ti ń lọ sí etí, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ń ṣókùnkùn. Ibi tí ìdérí kékeré àárín ti pàdé bébà ni ó dára láti bẹ̀rẹ̀. Kí ó máa sún un ní ìwọ̀n ìka kan, kí ó sì máa tẹ́tí sí i. Gìtá jùjú, tí ó ní láti yọ láàárín ìlù, fẹ́ itòsí àárín. Gìtá rọ́ọ̀kì tí ń bú ramúramù fẹ́ ìhà etí.

Bí máìkì bá súnmọ́ aṣọ náà tó ìka méjì, ohùn ìsàlẹ̀ á nípọn. Bí ó bá jìnnà tó ẹsẹ̀ bàtà kan tàbí méjì, ohùn yàrá á bá a wọlé. Yàrá sìmẹ́ǹtì tí kò ní kápẹ́ẹ̀tì a sì máa dún bí inú kànga.

Máìkì méjì lè dára ju ọ̀kan lọ, ṣùgbọ́n ewu wà níbẹ̀. Nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 34 ni ohùn ń rìn nínú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá. Bí ọ̀kan bá wà lẹ́yìn èkejì, ohùn á pẹ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn méjèèjì á máa pa ara wọn, gìtá á sì di tín-ín-rín. Kí ẹnu wọn dọ́gba.

Áńpù wọ́ọ̀tì 5 tó fún inú ilé. Àní ó tó láti mú aládùúgbò wá kan ilẹ̀kùn. Nígbà tí ohùn bá sì dùn, kí ó fi ẹfun sàmì sí ibi tí ẹsẹ̀ máìkì dúró lórí ilẹ̀. Bí ó bá lọ jẹun tí ọmọdé sì sún un díẹ̀, ìdajì orin tí ó kù kò ní jọ èyí tí ó ti gbà sílẹ̀ mọ́.