ÌTÀDÓGÚN: ỌJỌ́ MÉLÒÓ NI?

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ kan wò tí ó lè dá ìjà sílẹ̀ láàárín ọ̀rẹ́ méjì. Bí ọkùnrin kan bá yá owó ní ọjọ́ ọjà ní Ìgbò-Ọrà, tí ọjọ́ náà sì bọ́ sí Ọjọ́ Ajé, tí ó wí pé òun yóò san án ní ìtàdógún, ọjọ́ wo ni kí á máa retí rẹ̀? Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ yóò dáhùn pé ọ̀sẹ̀ méjì ni, Ọjọ́ Ajé náà ni. Àgbà yóò wí pé ó di Ọjọ́rú tí ó tẹ̀ lé e.

Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni yóò dá ẹjọ́ yìí. Ẹ̀ta tí a dín kúrò nínú ogún ni, èyí tíí ṣe ẹ̀tàdínlógún. Ọjà ni a sì fi ń kà á. Bí àwọn baba wa bá ń ka ọjọ́, wọn kì í fo èyí tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Ajé ni ọ̀kan, Ìṣẹ́gun ni èjì, Ọjọ́rú ni ẹ̀ta, Ọjọ́bọ̀ ni ẹ̀rin, Ẹtì ni àrún, ọjà sì tún ná. Ìdí nìyí tí a fi ń pè é ní ọjà ọrún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ni ó ń padà. Ọrún méjì di ìsán, ọjọ́ kẹsàn-án. Ọrún mẹ́rin di ìtàdógún, ọjọ́ kẹtàdínlógún. Àgbẹ̀ tí ó dá ìtàdógún mọ ohun tí ó ń ṣe: ọjọ́ ọjà ni, ọjọ́ tí yóò ta ẹ̀gúsí rẹ̀, tí owó yóò sì wọlé.

Kì í ṣe àwa nìkan ni a ń kà báyìí. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ní ọjà tí wọ́n ń pè ní ti ọjọ́ kẹsàn-án, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ ni ó ń ná. Títí di òní, ará Faransé a máa pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olúwa wa kú ní Ọjọ́ Ẹtì, tí ó jíǹde ní Ọjọ́ Àìkú, tí a sì ń wí pé ní ọjọ́ kẹta. Gẹ̀ẹ́sì ni ó ń ka òru mẹ́rìnlá.

Lónìí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pe ọ̀sẹ̀ méjì ní ìtàdógún. Nítorí náà, kí olùkọ́ fi ìkà méjèèjì han àwọn ọmọ, kí ẹni tí ó ń dá àdéhùn sì dárúkọ ọjọ́ gan-an. Kí á tó pe àgbà ní òpùrọ́, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ bi í bí ó ti ka ọjọ́ rẹ̀.