Amúfóòtìdúró Alálékún-Kékeré: Ìlò Rẹ̀ Nínú Ìyípo Iná àti Orúkọ Tí Ó Yẹ Ẹ́

1. Ìfáàrà

Òpópónà Ọ̀yọ́ ni ó wà láàárín Agbowó àti ẹnubodè Yunifásítì Ìbàdàn. Ní apá kan òpópónà yìí, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn olùkọ́ fi ń ṣàlàyé ìmọ̀ físíìsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní apá kejì, èdè Yorùbá ni ọ̀gá tí ń tún fóònù àti rédíò ṣe fi ń kọ́ ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà ni àwọn méjèèjì ń dì mú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n orúkọ púpọ̀ nínú àwọn ohun náà kò tí ì fìdí múlẹ̀ ní èdè Yorùbá.

Iná tí ń wá tí ó sì ń lọ ti sọ bátìrì di kòṣeémánìí nínú ilé àti nínú ìsọ̀. Títí di òní ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń pe àwọn tí ń pín iná ní NEPA, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún 2005 ni PHCN ti rọ́pò rẹ̀, tí pípín iná ní Ìbàdàn sì ti bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ aládàáni, IBEDC, láti ọdún 2013. Níbi tí bátìrì bá ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè kan kò ní ṣàì dìde: báwo ni fóòtì, èyí tí í ṣe òṣùwọ̀n agbára tí ń ti iná síwájú, yóò ṣe dúró lójú kan nígbà tí agbára bátìrì ń dín kù?

Ẹ̀rọ tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "low dropout voltage regulator". Ọ̀rọ̀ náà "dropout" ni ó ń ṣi atúmọ̀ lọ́nà. Nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fi ilé-ìwé sílẹ̀ láìparí ni ó ń tọ́ka sí. Bí atúmọ̀ bá tẹ̀lé ojú ọ̀rọ̀, tí ó sì pè é ní "ìjábọ́ kékeré", akẹ́kọ̀ọ́ yóò rò pé fóòtì tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde a máa já wálẹ̀ díẹ̀ díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ rí, àṣìṣe yìí sì lè mú kí ènìyàn yan ẹ̀rọ tí kò yẹ.

2. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe

Bí ẹnì kan bá dúró ti ẹ̀rọ omi, tí a sì ní kí ó jẹ́ kí omi inú agbada wà lójú àmì kan nígbà gbogbo bí àwọn ẹlòmíràn ti ń bu omi náà lọ, ohun tí yóò ṣe kò ju méjì lọ. Bí omi bá ń wá pẹ̀lú agbára, yóò ti ẹnu ẹ̀rọ díẹ̀; bí agbára omi bá dín kù, yóò ṣí i sí i. Ọjọ́ tí ó bá ṣí ẹnu ẹ̀rọ tán pátápátá, tí omi inú agbada sì ń fà síbẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ ti parí nìyẹn.

Bákan náà ni amúfóòtìdúró ń ṣe. Nínú rẹ̀ ni àmì kan wà tí kì í yí padà, apá kan tí ń fi fóòtì tí ń jáde wé àmì náà, àti tiransísítọ̀ kan tí ó dà bí ẹnu ẹ̀rọ omi. Kí iṣẹ́ náà tó lè ṣeé ṣe, fóòtì tí ń wọlé gbọ́dọ̀ fi iye kan ju èyí tí ń jáde lọ. Iye tí ó kéré jù lọ tí ó gbọ́dọ̀ fi jù ú lọ ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "dropout voltage". Kì í ṣe ohun tí ó já bọ́ rárá. Àlékún tí a kò lè ṣe aláìní ni.

3. Àpẹẹrẹ: bátìrì fóòtì 6 àti fóònù

Bátìrì olójé tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ àtùpà alágbàsínú jẹ́ ti fóòtì 6. Ìpín mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú nǹkan bí fóòtì 2 wá. Bí ó bá kún, yóò tó nǹkan bí fóòtì 6.3, bí a bá ń lò ó títí tí ó fi fẹ́ tán, yóò wálẹ̀ sí nǹkan bí 5.25. Fóòtì 5 ni fóònù ń fẹ́ láti gba iná. Ó dà bí ẹni pé bátìrì náà ní tó, tí ó tilẹ̀ ní jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n bí a bá lo amúfóòtìdúró ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí a mọ̀ sí 7805, àlékún tí ó ń fẹ́ nígbà tí áńpíà 1 bá ń kọjá jẹ́ nǹkan bí fóòtì 2. Ìyẹn ni pé fóòtì 7 ni ó gbọ́dọ̀ wọlé kí fóòtì 5 tó jáde. Bátìrì tí ó kún sí 6.3 kò lè dé ibẹ̀; nǹkan bí 4.3 péré ni yóò jáde, fóònù sì lè ṣàìgba iná rárá. Ọmọ-iṣẹ́ tí kò mọ ìdí rẹ̀ yóò ní bátìrì ni ó bàjẹ́, yóò sì rán oníbàárà lọ ra òmíràn lásán.

LM2940, tí òun náà ń gbé fóòtì 5 jáde, kò ju nǹkan bí ìdajì fóòtì lọ ní àlékún nígbà tí áńpíà 1 bá ń kọjá. Bí 5.5 bá ti wọlé, 5 yóò jáde. Nítorí náà, láti ìgbà tí bátìrì bá ti kún títí di ìgbà tí ó bá wálẹ̀ sí 5.5, fóònù yóò máa gba iná bí ó ti yẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, fóòtì tí ń jáde yóò máa tẹ̀lé ti bátìrì lọ sílẹ̀.

4. Ìdí ìyàtọ̀ náà, àti ohun tí ó yẹ kí a ṣọ́ra fún

Nínú 7805, tiransísítọ̀ méjì ni ó gun ara wọn léjìká, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń fẹ́ kí ẹsẹ̀ tí a fi ń darí rẹ̀ fi nǹkan bí fóòtì 0.7 ga ju ibi tí iná ti ń jáde lọ. Bí a bá ro ohun tí àwọn apá yòókù ń gbà mọ́ ọn, yóò di nǹkan bí 2. Nínú LM2940, irú tiransísítọ̀ mìíràn ni a lò, èyí tí ó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ ni a ń fa ẹsẹ̀ ìdarí rẹ̀ sí kí ó tó ṣí. Kò sí ohun tí ó ń béèrè pé kí ẹsẹ̀ náà ga ju ibi ìjáde lọ.

Àǹfààní yìí kò wá lásán. Ètò tuntun náà lè mú kí fóòtì tí ń jáde máa fì síwá sẹ́yìn bí kò bá sí kapásítọ̀ tí ó tó ní ẹnu ìjáde. Fún LM2940, kapásítọ̀ náà kò gbọdọ̀ dín ní maikirofáráàdì 22, irú èyí tí a ó lò sì gbọ́dọ̀ bá ohun tí ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ náà là sílẹ̀ mu. Ẹni tí ó bá yọ 7805, tí ó fi èyí rọ́pò rẹ̀, tí kò sì wo kapásítọ̀, ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàbọ̀.

Ohun kejì ni ooru. Àlékún kékeré kò túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ náà kì í gbóná. Gbogbo ohun tí ó bá ju fóòtì 5 lọ ni yóò sun di ooru. Láti orí 6.3, wáàtì 1.3 ni áńpíà 1 yóò sun, nǹkan bí ìdá 79 nínú ọgọ́rùn-ún agbára náà yóò sì dé ọ̀dọ̀ fóònù. Ṣùgbọ́n láti orí bátìrì mọ́tò tí ó wà ní 12.6, wáàtì 7.6 ni yóò jó dànù, ìbáà jẹ́ 7805, ìbáà jẹ́ LM2940. Níbẹ̀, ẹ̀rọ tí ń tan iná tí ó sì ń pa á lemọ́lemọ́ ni ó yẹ, kì í ṣe èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì.

Ohun rere mìíràn ni pé àwọn tí ó ṣe LM2940 ro ti ọkọ̀ mọ́ ọn: bí ẹnì kan bá ṣèèṣì so orí bátìrì ní òdì nínú òkùnkùn, kò ní tìtorí ìyẹn bàjẹ́.

5. Orúkọ tí ó yẹ

Ìlànà Ọdún Mẹ́fà tí Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé èdè Yorùbá gba ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì la ọ̀nà fún ẹ̀kọ́ èdè àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ tí ó kù ni ti àwọn ẹ̀rọ kéékèèké bí èyí. Orúkọ mẹ́rin ni ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò.

(a) Régúlétọ̀. Ó rọrùn láti pè, ṣùgbọ́n kò sọ ohunkóhun fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

(b) Sítébíláísà. Àpótí tí ń tọ́jú iná ilé fún fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ti gba orúkọ yìí ná. Bí a bá tún fún ẹ̀rọ yìí, ìdàrúdàpọ̀ ni yóò bí.

(d) Oníbodè. Ó dùn létí, nítorí oníbodè kì í jẹ́ kí ènìyàn kọjá láìgba nǹkan. Ṣùgbọ́n iye kan pàtó ni oníbodè ń gbà, nígbà tí ẹ̀rọ yìí ń gba gbogbo ohun tí ó bá ju 5 lọ. Kí olùkọ́ fi pa ìtàn nínú kíláàsì. Kí ó má fi ṣe orúkọ.

(e) Amúfóòtìdúró. Ọ̀nà tí a gbà ṣẹ̀dá "amúlétutù" àti "amúnáwá" ni a gbà ṣẹ̀dá rẹ̀, etí kò sì ní kọ̀ ọ́. Bí a bá wá pe "dropout voltage" ní "àlékún kòṣeémánìí", èyí tí ó ń fẹ́ díẹ̀ yóò di "amúfóòtìdúró alálékún-kékeré". Orúkọ náà gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń dáhùn ìbéèrè tí ó ṣe pàtàkì jù: èló ni bátìrì gbọ́dọ̀ fi ju ohun tí à ń fẹ́ lọ?

6. Ìkádìí

Ọ̀rọ̀ ìmọ̀ tí ó tọ́ jẹ́ irinṣẹ́ bí àyọ́n tí a fi ń jó lẹ́ẹ̀dì ti jẹ́ irinṣẹ́. Ọmọ-iṣẹ́ tí ó gbọ́ "ìjábọ́ kékeré" yóò máa wá ohun tí ó já bọ́. Èyí tí ó gbọ́ "àlékún kòṣeémánìí" yóò kọ́kọ́ wọn bátìrì, yóò yọ 5 kúrò nínú rẹ̀, yóò sì wò ó bóyá ohun tí ó kù tó. Bí olùkọ́ ní apá kan òpópónà àti ọ̀gá ní apá kejì bá ń lo orúkọ kan náà, ohun tí wọ́n kọ́ ní ọ̀hún yóò wúlò ní ìhín, owó oníbàárà kò sì ní ṣòfò lórí bátìrì tí kò bàjẹ́.