Ìgbì Kọ́ Ni Ìjì

Bí àdúrà bá ti dé orí ìṣòro ayé, ẹ ó gbọ́ ọ: kí ìjì má bo ọkọ̀ wa mọ́lẹ̀. Gbogbo ìjọ á ṣe àmín. Mo ṣe àmín pẹ̀lú wọn, àmọ́ ìjì kì í bo ọkọ̀. Jíjà ni ìjì ń jà, ti òfuurufú ni. Ìgbì ló ń bì lu ọkọ̀, tó sì ń bò ó. Àwọn àgbà kò ṣì í sọ nígbà tí wọ́n ní ìjì kì í jà kó da omi inú àgbọn nù.

Àwọn bàbá ìjọ ayé àtijọ́ náà fara balẹ̀ wo ọkọ̀ tí Jésù sùn sí nígbà tí ìjì jà lórí òkun. Ní nǹkan bí ọdún 200, Tertullian ará Carthage, ní ilẹ̀ Tùnísíà òde òní, kọ̀wé lórí ìrìbọmi. Àwọn kan ń jiyàn pé omi tó bo àwọn àpọ́sítélì nínú ọkọ̀ yẹn ni ìrìbọmi tiwọn. Ó kọ̀: kí omi ta síni lára ọ̀tọ̀, kí a rini bọmi ọ̀tọ̀. Ó ní ìjọ ni ọkọ̀ yẹn, ayé ni òkun, inúnibíni àti ìdánwò sì ni ìgbì. Hippolytus, bàbá ìjọ mìíràn, ní tirẹ̀ to ọkọ̀ ìjọ lẹ́yọ lẹ́yọ: Kristi ni atukọ̀ (ẹ má kọ ọ́ ní awakọ̀ o, ti mọ́tò nìyẹn lẹ́nu wa lónìí), májẹ̀mú méjèèjì ni ìtọ́kọ̀, òfin Kristi sì ni ìdákọ̀ró.

Augustine, bíṣọ́ọ̀bù Hippo ní Àlgéríà òde òní, ló wá tú u dé gbòǹgbò. Nínú ìwàásù kan, ó ní bí wọ́n bá bú ọ, èébú yẹn ni ìjì. Bí o bá wá bínú, ìbínú rẹ ni ìgbì. Ọkàn rẹ ni ọkọ̀ tó ń mì. Kristi sùn níbẹ̀ nítorí pé o ti gbàgbé rẹ̀. Yorùbá tilẹ̀ gbè é lẹ́sẹ̀: ru kan náà ló wà nínú ìrumi àti ìrunú. Nítorí náà, ẹni tó ń fara ya tó sì ń pe ìbínú ara rẹ̀ ní ìjì ti ti ẹ̀bi síta. Ìjì lè ti ọ̀dọ̀ ẹlòmíì wá, ṣùgbọ́n inú tiwa ni ìgbì ti ń ru.

Ẹ tún ka ìtàn náà nínú Ìhìn Rere Máàkù. Jésù bá ẹ̀fúùfù wí, ó sì bá òkun sọ̀rọ̀, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.