Ẹ̀KỌ́: MÁ ṢE DÁ ẸRÙ RẸ RÙ

Bíbélì kíkà: Mátíù 26:36–46, Jóòbù 2:11–13, Gálátíà 6:2

 Ọjọ́ ayọ̀ ni òní. Síbẹ̀, a mọ̀ pé láàrin wa níbí, àwọn kan wà tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín lójú, tí inú wọn sì ń jó bí iná. Nítorí wọn ni a ṣe kọ ẹ̀kọ́ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wa. Fún oṣù mẹ́rin gbáko, a kò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ìyá àwọn ọmọ. Láràárọ̀ ni a ń wọ aṣọ iṣẹ́, tí a ń gbé báàgì, tí a ń jáde nílé. Inú ṣọ́ọ̀ṣì ni a ń wá jókòó sí títí di ìrọ̀lẹ́. Àwọn ará ń sọ pé, "Akọ̀wé mà fẹ́ràn iṣẹ́ Olúwa o!" Wọn kò mọ̀ pé ojú ilé ló ń tì wá. Gbèsè ń pọ̀, oorun kò sí. A gbààwẹ̀, a gbàdúrà, a sì ń retí kí aríran kan dìde kí ó sọ ọ́. Kò sí ẹni tí ó rí nǹkan kan.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn ìsìn, ọ̀rẹ́ wa kan nínú ẹgbẹ́ akọrin bi wá pé, "Akọ̀wé, ṣé kò sí?" A fẹ́ sọ pé kò sí, ṣùgbọ́n omi ti bọ́ lójú kí ẹnu tó dáhùn. A sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí bẹ́ǹṣì. Kò fún wa lówó, kò ní in. Ohun tó sọ ni pé, "Ó ti ṣe èmi náà rí. Jẹ́ ká jọ lọ bá ìyá àwọn ọmọ." Nígbà tí a délé, ìyá àwọn ọmọ ní òun ti ń fura tipẹ́; pé kì í ṣe iṣẹ́ tó bọ́ ló dun òun, bí kò ṣe bí a ti dá a gbé mì. Iṣẹ́ mìíràn pẹ́ kí ó tó dé, ṣùgbọ́n a sùn lóru ọjọ́ náà.

Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́ nìyí:

(a) Fífi inú han ọ̀rẹ́ kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ní Gẹtisémánì, Olúwa wa sọ fún Pétérù àti àwọn ọmọ Sébédè méjèèjì bí ìbànújẹ́ ọkàn Òun ti pọ̀ tó. Lẹ́yìn náà ni Ó lọ gbàdúrà. Ó ṣe méjèèjì. Ìran dára, a kò kọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n Jésù rí Bátíméù tó fọ́jú, síbẹ̀ Ó bi í pé kí ló fẹ́ (Máàkù 10:51). Ó fẹ́ kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn baba wa náà ńkọ́? Ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1918, nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ọ̀fìnkìn líle ń pa ènìyàn, àwọn díẹ̀ kó ara wọn jọ láti gbàdúrà, àwọn tí a wá mọ̀ sí Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Wọ́n jọ kojú ìyọnu náà ni, wọn kò dá a gbé.

(b) Kì í ṣe gbogbo ènìyàn là ń sọ fún. Méjìlá ni Olúwa yàn, mẹ́ta péré ni Ó mú súnmọ́ ara Rẹ̀ lóru ọjọ́ náà. Àwọn àgbà mọ ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, tó fi ẹ̀gún sọ́wọ́. Ẹni tó ń gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn wá fún ọ, yóò gbé tìrẹ náà lọ. Kọ́kọ́ sọ díẹ̀, kí o wo bó ṣe pa á mọ́. Bí ọ̀rẹ́ bá sì kù díẹ̀ káàtó, má tìtorí rẹ̀ pa ẹnu dé. Àwọn mẹ́ta náà sùn lọ, Olúwa sì tún padà wá jí wọn.

(d) Ìwọ tí a sọ fún, ṣọ́ra. Ọjọ́ méje ni àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù fi bá a jókòó láìsọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe é re. Ìgbà tí wọ́n lanu tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí wá ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀. Má sáré sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ni, tàbí pé ayé ló ń ṣe é. Má sì fi àṣírí rẹ̀ ṣe kókó àdúrà láàrin ìjọ. Bí ẹnì kan bá ní ayé sú òun, má fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Bá a dé ọ̀dọ̀ olùṣọ́-àgùntàn, kí o sì bá a dé ilé ìwòsàn. Àdúrà àti dókítà kò bá ara wọn jà.

Ìbéèrè fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan:
1. Ta ni o lè sọ òótọ́ inú rẹ fún?
2. Ta ló lè sọ tirẹ̀ fún ọ, kí ó sì fọkàn balẹ̀?

Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Kí ayẹyẹ òní tó parí, bi ẹni tó jókòó tì ọ́ pé, "Ṣé kò sí?" Kí o sì dúró gbọ́ èsì. Kí Olúwa fún gbogbo wa ní ọ̀rẹ́ tòótọ́, kí Ó sì fi wá ṣe ọ̀rẹ́ tòótọ́ fún ẹlòmíràn. Àmín.

— Akọ̀wé Ìjọ