Imú Òkété àti Ojú Ọmọ Ènìyàn

Nínú Ìwé Númérì orí 22 ni a ti kà nípa Báláámù, ẹni tí kò rí áńgẹ́lì tí ó dúró sójú ọ̀nà, nígbà tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí ó ń gùn ti rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó lu ẹranko náà kí ojú tirẹ̀ tó là. Iṣẹ́ ìyanu ni èyí, a kò sì fẹ́ sọ ọ́ di ohun mìíràn. Síbẹ̀, ó gbé ìbéèrè kan ka iwájú àwa òbí àti akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́: ǹjẹ́ ayé kan náà ni ènìyàn àti ẹranko ń rí bí?

Ní 1934, Jakob von Uexküll kọ ìwé kan ní èdè Jámánì, ó ní ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan ní ayé tirẹ̀. Eégbọn ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Kòkòrò náà kò ní ojú. Òórùn òógùn ẹran àti ìgbóná ara rẹ̀ nìkan ni ó ń dúró dè lórí koríko. Gbogbo ẹwà igbó kò jẹ́ nǹkan kan lójú rẹ̀.

Ẹ wo àwọn tí ó wà nítòsí wa. Oyin kì í rí àwọ̀ pupa, ṣùgbọ́n ó ń rí ìmọ́lẹ̀ kan nínú oòrùn tí ó kọjá àwọ̀ àlùkò, tí ojú wa kò lè rí. Nítorí náà ni ó fi ń rí àmì lára òdòdó tí ó dàbí pé kò ní àmì rárá lójú wa. Ejò ń fi ahọ́n kó òórùn jọ. Òjòlá sì ní ihò kéékèèké lẹ́bàá ètè, èyí tí ó fi ń mọ ìgbóná ara eku nínú òkùnkùn.

Òkété ni ó yà wá lẹ́nu jù. Ní Morogoro, ní orílẹ̀-èdè Tanzania, ẹgbẹ́ APOPO ń kọ́ irú òkété kan tí ó bá ti ilẹ̀ wa tan láti máa fi imú wá àdó olóró tí a rì mọ́lẹ̀ nígbà ogun. Ọ̀kan nínú wọn, Magawa, rí 71 ní Cambodia kí ó tó fẹ̀yìn tì ní 2021. Ara rẹ̀ fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí àdó náà kì í bú bí ó tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Àwọn mìíràn ń gbóòórùn àrùn ikọ́ ife nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn.

Kí ni tiwa, nígbà náà? Òkété gbóòórùn àrùn, ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé àrùn wà. Ohun tí ó mọ̀ ni pé òórùn yìí ń mú oúnjẹ wá. Imú wa kò lè gbọ́ ọ. Síbẹ̀ ní 1882, Robert Koch fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá ṣàwárí kòkòrò àrùn náà. Ènìyàn lè mọ ohun tí kò rí, ó lè fi kọ́ ọmọ rẹ̀, ó sì lè káàánú aláìsàn tí kò bá pàdé rí. Níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ wà.

Ẹni tí ó mọ̀ ni ẹrù wà lọ́rùn rẹ̀. Ní oko wa ní Kàbà, akọ òdòdó ẹ̀gúsí yàtọ̀ sí abo. Oyin ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú láti ọ̀kan dé èkejì, kí ẹ̀gúsí tó so. Bí a bá fín oògùn apakòkòrò ní òwúrọ̀ tí òdòdó là, oyin kò mọ̀ pé ikú ni òun ń kó lọ sílé. Àwa ni a mọ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin ti padà sílé.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ní àjọ̀dún yìí, ẹ jẹ́ kí àwa òbí bi àwọn ọmọ wa léèrè ohun tí wọ́n ń kọ́ nípa àwọn ẹ̀dá Ọlọ́run ní kíláàsì, kí a sì bá wọn rìn dé oko lọ wò ó.