Omi Abúlé: Ẹ̀kọ́ Tí Sòbìà Kọ́ Wa

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá gbogbo ohun abẹ̀mí láti ara omi. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànọ́bì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin! Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń gbé agbègbè Bajulaiye, ní Ṣómólú àti Bàrígà, ló jẹ́ pé abúlé ni bàbá tàbí bàbá-bàbá wa ti wá. Bí Iléyá bá dé, a ó wọ mọ́tò lọ sílé, a ó jẹ ẹran, a ó sì padà. Bí a bá dé Èkó tán, ọ̀rọ̀ ará oko a di ẹ̀fẹ̀ lẹ́nu wa: wọn kò níná, wọn kò mọ nǹkan kan. Nínú ẹ̀kọ́ oṣù yìí, a fẹ́ wo bí ìgbé-ayé abúlé ti rí, kí a sì rántí ìṣẹ́gun ńlá kan tí oògùn kò lè ṣe, tí àwọn ará abúlé fi ọwọ́ ara wọn ṣe.

1. BÍ ABÚLÉ TI RÍ

Ẹ jẹ́ kí a mú Ìdèrè ní ilẹ̀ Ìbàràpá, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ṣe àpẹẹrẹ. Ìlú kékeré ni, kò jìnnà sí Igbó-Ọrà. Àwọn abà àti abúlé oko sì yí i ká. Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni iṣẹ́ wọn: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀gúsí. Bí òjò bá rọ̀, odò kún, agbada kún. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú, odò a gbẹ, yóò wá ku adágún omi díẹ̀ tí gbogbo ènìyàn ń lọ pọn. Nínú rẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀ tí omi ń dé orúnkún wọn, òun náà ni wọ́n ń mu, òun ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá.

Síbẹ̀ abúlé ní ọrọ̀ tirẹ̀. Bí iṣẹ́ oko bá wọ ẹnì kan lọ́rùn, yóò bẹ ọ̀wẹ̀: àwọn ènìyàn yóò wá bá a ṣe é lọ́jọ́ kan, òun yóò sì wá oúnjẹ fún wọn. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá sì wọ àárò, oko tẹni yìí lónìí, oko tẹni yẹn lọ́la, títí yóò fi kárí. Kì í ṣe Yorùbá nìkan ló ní irú èyí. Ní erékùṣù Java ní ilẹ̀ Indonesia, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ jù, gotong royong ni àwọn ará abúlé ń pe irú àjọṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n jọ ń tún ojú ọ̀nà ṣe, wọ́n jọ ń la ipa omi sí oko ìrẹsì, wọ́n sì jọ ń kọ́lé. Òkun ló là wá láàárín, ìwà kan náà ni.

2. ÌYÀ TÍ OMI Ń FI JẸ WỌ́N

Omi kò lọ́tàá, ṣùgbọ́n inú omi adágún wọ̀nyẹn ni sòbìà ti ń wá. Kòkòrò tíntìntín kan wà nínú omi tí ojú lásán kò tètè rí, òun ló ń gbé ọmọ sòbìà mì. Ẹni tó bá mu omi náà ti mu sòbìà. Yóò wà lára rẹ̀ fún nǹkan bí ọdún kan láìsí àmì. Lẹ́yìn náà, ẹsẹ̀ a wú, a ta bí iná, aràn tó lè gùn tó mítà kan a sì máa yọ jáde díẹ̀díẹ̀. Nítorí oró náà, aláìsàn a fẹ́ ti ẹsẹ̀ bọ omi kó lè tutù. Bó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, sòbìà a tú ọmọ sínú omi, ẹlòmíràn a sì pọn ún lọ sílé.

Àsìkò tí àgbẹ̀ yẹ kó máa tún oko ṣe de òjò gan-an ló ń jà. Bàbá a dùbúlẹ̀, oko a di igbó, ọmọ a fi ilé-ìwé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ara ènìyàn ni wọ́n dá sòbìà mọ́, pé kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kà á láti abúlé dé abúlé ní gbogbo Nàìjíríà, láàárín 1987 sí 1988, àwọn tó ń ṣe lé ní 650,000.

3. BÍ SÒBÌÀ ṢE LỌ

Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún sòbìà, kò sí oògùn tó ń pa á nínú ara. Kí ni ó wá lé e lọ? Láti 1963 ni Yunifásítì Ìbàdàn ti ní ibùdó ẹ̀kọ́ ìlera ní Igbó-Ọrà. Àwọn oníṣẹ́ wọn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ará abà Ìdèrè fúnra wọn láti máa ṣe ìtọ́jú àti ìkìlọ̀ láàárín ará wọn. Àwọn tẹ́lọ̀ ìlú náà rán aṣọ asẹ́ tí wọ́n fi ń sẹ́ omi kí wọ́n tó mu ún. Àwọn kan kó ara wọn jọ, wọ́n gbẹ́ kànga.

Iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tàn ká gbogbo ilẹ̀ wa. Ọ̀gágun Yakubu Gowon tó ti jẹ olórí ìjọba rí, àti Jimmy Carter tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí, pẹ̀lú polongo rẹ̀. Ní 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ṣe é ní Nàìjíríà, ní abúlé kan ní Ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé sòbìà ti tán ní Nàìjíríà.

Ẹ kíyè sí i dáadáa. Ẹni tí sòbìà ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ní láti fara da oró, kó má wọ inú omi, nítorí aládùúgbò rẹ̀. Aládùúgbò náà ní láti bá a pọn omi. Ìyá ní láti sẹ́ omi ní gbogbo ọjọ́, kì í ṣe ọjọ́ kan. Bí ẹnì kan bá kọ̀, gbogbo abúlé ló máa jìyà.

4. OHUN TÍ Ẹ̀SÌN WÍ

Nínú Suratul Māidah, ẹsẹ kejì, Ọlọ́hun pa á láṣẹ pé kí a máa ran ara wa lọ́wọ́ lórí iṣẹ́ rere àti ìpayà Rẹ̀. Nínú Suratur Ra'd, ẹsẹ kọkànlá, Ó jẹ́ kó yé wa pé Òun kì í yí ipò ìjọ kan padà títí wọn yóò fi yí ohun tó wà lọ́dọ̀ ara wọn padà. Nítorí náà, ẹni tó ní kádàrá ni àìsàn, tó sì káwọ́ gbera, kò tíì lóye kádàrá.

Ànọ́bì wa kọ̀ fún wa láti tọ̀ sínú omi tí kò ṣàn. Ó sì kìlọ̀ pé ẹni tó bá ń yàgbẹ́ sí ibi tí àwọn ènìyàn ti ń pọn omi, sójú ọ̀nà, tàbí sábẹ́ ibòji, ń fa ègún sórí ara rẹ̀. Nígbà tí ìyá Sa'd ọmọ Ubādah kú, ó bi Ànọ́bì léèrè sàdáákà tó dára jù, Ànọ́bì sì dáhùn pé omi ni. Sa'd gbẹ́ kànga kan lórúkọ ìyá rẹ̀. Uthmān náà ra kànga Rūmah, ó sì fi í sílẹ̀ fún àwọn Mùsùlùmí. Sàdákátù járíyà nìyí: ẹni tó ṣe é ti kú, ẹ̀san rẹ̀ kò dúró.

5. IṢẸ́ TIWA

Sòbìà ti lọ, ṣùgbọ́n omi búburú kò tíì lọ. Ní 2024, onígbáméjì jà ní Èkó níbí, ó sì pa ènìyàn. Ilé alájà gíga kò dá a dúró. Bí ará ilé kan ní àdúgbò wa bá da ìgbẹ́ sínú gọ́tà, ẹni tó ń bu omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà náà ló máa mu ún. Ohun tí àwọn ará abà mọ̀ nípa adágún wọn ni àwa kò tíì fẹ́ mọ̀ nípa gọ́tà wa.

Nítorí náà:
(a) Bí a bá lọ sílé fún Iléyá, kí a wo omi tí wọ́n ń mu, kí a tó wo aṣọ tí a ó wọ̀.
(b) Kí ọmọ ẹgbẹ́ tó wá láti abúlé kan náà dá owó jọ. Bí owó kànga kò bá tó, owó àtúnṣe ẹ̀rọ omi tó ti bàjẹ́ lè tó.
(c) Kí a bẹ ọ̀wẹ̀ ní àdúgbò wa, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí a kó gọ́tà, kí a sì tún ibi àlùwàlá mọ́sálásí ṣe.

Àwọn àgbà ní, kí sòbìà tó degbò, olúgàǹbe là á ké sí. Ẹ má jẹ́ kí a dúró di ìgbà tí àìsàn bá wọlé.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín ìgbàgbọ́ nínú kádàrá àti ìkáwọ́gbera?
2. Ta ló ń mu omi tí ìdọ̀tí ilé wa ń ṣàn lọ bá?
3. Abúlé wo ni ẹ̀ka wa lè ràn lọ́wọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé?

Kí Ọlọ́hun fún wa ní omi tó mọ́ àti ọkàn tó mọ́. Āmīn.